Ògiri Àpáàdì ni Ó Yẹ Dúró Ládipọ̀

Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ní 1962, Dúró Ládipọ̀ sọ ilé ọtí rẹ̀ ní Òṣogbo di Mbárí Mbáyọ̀. Òun àti Ulli Beier ni wọ́n jọ dá a sílẹ̀. Ibẹ̀ ni Georgina Beier ti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ọnà ní 1964. Jimoh Buraimoh ló ń bójú tó iná eré Ládipọ̀. Twins Seven-Seven ń jó nínú rẹ̀. Ìdí eré ni àwọn méjèèjì gbà dé ìdí ọnà tí ó sọ wọ́n di olókìkí.

Ládipọ̀ kú ní 1978. Bí ọ̀rọ̀ ìrántí rẹ̀ bá délẹ̀, àwọn kan a ní kí kọngílá mọ ère sí oríta. Èyí kò tọ́. Ère tí ará ìlú kò fọwọ́ kàn, àlejò ni láàrin wọn. Ògiri ni ó yẹ, kí tọmọdé tàgbà kó àpáàdì, ìlẹ̀kẹ̀ àti àfọ́kù àwo wá láti ilé, kí wọ́n tò ó sára sìmẹ́ńtì tútù títí àwòrán yóò fi hàn.

Ẹni tí ó bá ní àṣà òyìnbó nìyí, kí ó lọ wo Ilé-Ifẹ̀, níbi tí àwọn baba ńlá Yorùbá ti fi àpáàdì tẹ́ ilẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ẹni tí ó bá sì ní iṣẹ́ ọlọ́pọ̀ ọwọ́ kì í gún, ṣebí ọ̀gá kan ni yóò fa ìlà, tí ìlú yóò fi àpáàdì kún inú rẹ̀?

Ẹni tí ó yọ̀ǹda ilé rẹ̀ fún ìlú, ọwọ́ ìlú ni ó yẹ kí ó dá a lọ́lá.