Àkọ́sórí Kọ́ Ni Sáyẹ́ǹsì

Ọ̀la ni ọmọ JSS3 ilé wa máa kọ ìdánwò Basic Science. Ilẹ̀ ti ṣú, wọ́n ti mú iná lọ, a sì jókòó tì í pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì fóònù. A ní kó sọ ohun tí chemical change jẹ́ fún wa. Ó di ojú, ó sì ń sáré pè é bí ẹni ń ka àdúrà. Kò fo ọ̀rọ̀ kankan. A ní, “Ó dáa. Kí ló wá túmọ̀ sí?” Ó la ojú, ó wò wá bíi pé a ṣẹ̀ ẹ́. “Bọ̀dá, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sí nóòtù nìyẹn.”

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ọmọ yẹn kì í ṣe olódo. Àwa tí à ń kọ́ ọ ló yẹ kí wọ́n fún ní òdo.

Ṣebí a mọ ohun tí àwa ẹ̀gbọ́n máa ń ṣe tí ìdánwò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. A ó gba nóòtù lọ́wọ́ ọmọ, a ó ní kó ka márùn-ún nínú èyí, mẹ́rin nínú ìyẹn. Tó bá gbàgbé ọ̀kan, ìfọ́tí. Àwọn mìíràn á ra ìwé past questions, wọ́n á ní kó há ìdáhùn sórí láti ọdún dé ọdún. Àwọn tó burú jù á máa wá expo kiri. Lẹ́yìn náà, a ó wá fọwọ́ sọ̀yà pé a ran ọmọ lọ́wọ́. Ìrànlọ́wọ́ wo nìyẹn? Odídẹrẹ́ là ń sìn, a ò kọ́ ọmọ.

Ohun tí a fẹ́ sọ ò gùn rárá: ohun tí ọmọ tó ń sọ Yorùbá nílé ò bá lè fi Yorùbá ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀, ohun náà ò tíì yé e. Kó tó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì fún ẹni tó máa máàkì ìwé, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ yé e ní èdè tó fi ń lálàá.

Abẹ́òkúta la wà, ẹ jọ̀ọ́. A ò ní láti lọ jìnnà ká tó rí sáyẹ́ǹsì. Ẹ mú ọmọ lọ sí Ìtòkú, kó lọ wo adìrẹ. Láyé àtijọ́, àwọn aláró á gún ewé èlú, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á sì rẹ ẹ́ sínú omi eérú fún ọjọ́ mélòó kan títí tí aró á fi jinná. Tí wọ́n bá fa aṣọ jáde nínú ìkòkò, kì í kọ́kọ́ dúdú. Á rí bí ewé tó ń pọ́n. Ìgbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i ló máa ń di búlúù, torí pé ọ́síjìn inú atẹ́gùn ti dara pọ̀ mọ́ aró náà. Ohun tuntun ti dé nìyẹn, kì í ṣe ewé mọ́, kò sì ní padà di ewé láé. Chemical change tí ọmọ ń di ojú kà nìyẹn. Physical change ńkọ́? Ẹ ní kó wo omi tó di yìnyín nínú fíríìjì. Tí wọ́n bá mú iná lọ, á tún padà di omi. Ọmọ Nàìjíríà wo ni ìyẹn ò ní yé?

Tó bá dórí acid àti base, omi eérú yẹn náà ni base. Ìdí nìyẹn tó fi ń yọ̀ lọ́wọ́, òun náà ni wọ́n sì ń pò mọ́ òróró láti fi ṣe ọṣẹ dúdú. Sódà tí àwọn aláró wá ń lò lẹ́yìn náà tún le jù ú lọ, ó ń bó èèyàn lọ́wọ́. Ní àwọn ọdún 1930, Aláké Ladapo Ademola fòfin de sódà àti aró òyìnbó, àwọn obìnrin aláró sì yarí, títí ọ̀rọ̀ fi dé iwájú ìjọba amúnisìn. Ẹ rò ó wò: ìlú tí obìnrin ti bá ọba jiyàn lórí kẹ́míkà, ibẹ̀ lọmọ ti ń há base sórí bí orúkọ àjèjì.

Láfún tá à ń jẹ ńkọ́? Kí ló dé tí ìyá wa ò jẹ́ ká tètè yọ ẹ̀gẹ́ kúrò lómi? Àwọn kòkòrò tí ojú ò rí ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn ló ń mú kó kan, kó rọ̀, kí májèlé inú rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. Acid ni kíkan yẹn.

A mọ̀ pé àwọn kan á ní, “Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣèdánwò o.” Òótọ́ ni, a ò jiyàn. Ẹni tó ń máàkì sì ń wá àwọn ọ̀rọ̀ kan pàtó. Ẹ kọ́ ọmọ ní àwọn ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ṣùgbọ́n kí wọ́n gbẹ̀yìn. Ọmọ tí nǹkan ti yé á rí ibi gbé Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Èyí tí ò yé, tó bá gbàgbé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lárin, gbogbo ẹ̀ ti dàrú.

Àwọn mìíràn á ní Yorùbá ò ní ọ̀rọ̀ fún oxygen. Gẹ̀ẹ́sì náà ò ní in tẹ́lẹ̀. Lavoisier, ará Faransé, ló fi èdè Gíríìkì hun orúkọ yẹn, Gẹ̀ẹ́sì sì yá a lò. Ta ló wá ní kí àwa má yá tiwa?

Èyí kì í sì í ṣe àlá. Ní 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, fún odindi ọdún 6. Gẹ̀ẹ́sì dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ náà ò rẹ̀yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Síbẹ̀, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ní èdè abínibí wà lára ohun tó ń mú kí àwọn ọmọ fìdí rẹmi nínú WAEC, NECO àti JAMB. A fẹ́ béèrè o: ilé ìwé wo ni wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwa ní sáyẹ́ǹsì? Owó ìtanràn la san torí pé a sọ “vernacular” ní kíláàsì. Gẹ̀ẹ́sì la fi há a, Gẹ̀ẹ́sì la fi gbàgbé ẹ̀. Ìlú tí wọ́n ti tẹ Ìwé Ìròhìn jáde ní Yorùbá ní 1859 nìyí o!

Ṣùgbọ́n òfin ìjọba ò wọ pálọ̀ wa. Lálẹ́ òní, ẹ pa nóòtù dé ná. Ẹ ní kí àbúrò yín fi Yorùbá ṣàlàyé, kó tọ́ka sí ohun kan nínú ilé tó jọ ọ́. Lẹ́yìn náà, kó kọ gbólóhùn méjì ní Gẹ̀ẹ́sì tara rẹ̀, kó wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìwé. Ìgbà yẹn ni kí past questions tó dé.

Bá a ṣe ṣe é fún ọmọ ilé wa nìyẹn. A nawọ́ sí ìró adìrẹ ìyá rẹ̀ tó wà lórí okùn. Ó wò ó títí, ó ní, “Àbí bí ewé ṣe di aró, tí ò lè di ewé mọ́ yẹn ni?” Ó fa bírò, ó kọ ọ́. Gírámà rẹ̀ wọ́ díẹ̀. Ìyẹn ṣeé tún ṣe.