Ta Ló Ní Iṣẹ́ Èṣù Ni Ìwé Àlọ́?

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ara mi ni n ó kọ́kọ́ bá wí, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé Pásítọ̀ ń bú ìjọ. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, arábìnrin kan nínú ìjọ wa níbí ní Mínà gbé páálí ìwé wá bá mi. Òun ló kọ ìwé náà, òun náà ló fi owó àjọ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ẹ̀dà 500. Ìtàn ọmọbìnrin kan ni, tó wọ ìsàlẹ̀ odò lọ wá ohùn ìyá rẹ̀ tó sọnù. Arábìnrin yìí fẹ́ máa tà á lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn. Mo ṣí ojú ewé méjì péré, mo rí "iwin", mo pa ìwé dé. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà, èyí ò lè wọ ọgbà ilé Ọlọ́run." Ó ní, "Ó dáa, sà." Ó gbé páálí rẹ̀, ó lọ.

Mo jẹ̀bi. Mo dá ẹjọ́ ìwé tí n kò kà.

Ẹ ṣí Bíbélì yín sí Ìwé Àwọn Onídàájọ́ orí 9. Jótámù dúró lórí òkè, ó pa àlọ́ fún odidi ìlú: àwọn igi kóra jọ, wọ́n ń wá ọba. Ólífì kọ̀, ọ̀pọ̀tọ́ kọ̀, àjàrà kọ̀, ẹ̀gún ló gbà. Igi ń sọ̀rọ̀! Ta ló pe Jótámù ní òpùrọ́ láàrin yín? Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́ tí John Bunyan kọ, tí àwọn bàbá wa kà ní Yorùbá, ṣebí òmìrán àti ẹ̀mí èṣù wà nínú rẹ̀? Wọn kò jó o.

Ẹ jẹ́ ká wá sílé. Ta ló kọ́kọ́ tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní ọdún 1938? Ilé ìtẹ̀wé CMS ni, ti ìjọ Ọlọ́run! Kìrìsìtẹ́nì àti olùkọ́ ni D. O. Fágúnwà tó kọ ọ́. Iwin àti àǹjọ̀nú kún inú ìwé náà, bẹ́ẹ̀ ni ìwàásù náà kún ibẹ̀. Ẹ̀bá Bídà níbí ni omi ti gbé bàbá yìí lọ ní oṣù Kejìlá ọdún 1963. A ń gba ọ̀nà Bídà kọjá lójoojúmọ́, a kì í rántí.

Mínà yìí gan-an ni wọ́n bí Cyprian Ekwensi sí ní ọdún 1921. Ọdẹ erin tó mọ ìtàn sọ dáadáa ni bàbá rẹ̀. Ọmọ náà di apòògùn, ó sì kọ The Drummer Boy àti The Passport of Mallam Ilia fún àwọn èwe. Flora Nwapa ńkọ́? Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti tẹ ìwé rẹ̀ Efuru jáde ní ọdún 1966, síbẹ̀ ó padà dá ilé ìtẹ̀wé tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ẹnúgu, Tana Press. Ó kọ Mammywater fún àwọn ọmọdé. Ẹni tí òyìnbó ti gbà tọwọ́ tẹsẹ̀ ṣì rí i pé ó yẹ kí a ní tiwa.

Ẹ ó ní, "Pásítọ̀, ìwé burúkú kò ha wà?" Ó wà. Èyí tó bá ń yin olówó ẹ̀jẹ̀, ẹ gbé e sọnù. Ṣùgbọ́n ẹ kà á ná kí ẹ tó dájọ́. Idán tí àwọn ọmọ yín ń wò lórí fóònù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ta ló ń ra dátà rẹ̀?

Ẹ̀ṣẹ̀ kejì: ọ̀fẹ́. "Fún mi ní ẹyọ kan, n ó máa gbàdúrà fún ẹ." Ẹni tó ń kọ̀wé lóru, tó sanwó fún ayàwòrán, tó sanwó fún atẹ̀wé kí ẹ̀rọ tó yí, tó ń gun ọ̀kadà kiri ilé ìwé, tí wọ́n ń sọ fún un pé "padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀", ṣé àdúrà nìkan ni yóò fi san gbèsè? Lúùkù orí 10 kọ́ wa pé owó iṣẹ́ tọ́ sí ẹni tó ṣiṣẹ́. A kì í tọrọ aṣọ ẹbí lọ́fẹ̀ẹ́.

Lóṣù tó kọjá, mo wọ kíláàsì àwọn ọmọdé, mo ní, "Àlọ́ o!" Kẹ́kẹ́ pa. Kò sí ẹyọ ọmọ kan tó mọ̀ pé "Àlọ̀!" ni ìdáhùn. Wọ́n gbọ́ Haúsá, wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tí kò bá gbọ́ àlọ́ ní èdè ìyá rẹ̀, kí ni yóò fi pa á fún ọmọ tirẹ̀?

Mo ti lọ sílé arábìnrin náà, mo sì bẹ̀ ẹ́. Ó dárí jì mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi í léèrè ìwé kejì, ó ní, "Pásítọ̀, mo ti fi ìyẹn sílẹ̀." Páálí náà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìwé pọ̀ nínú rẹ̀.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀, tábìlì yóò wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi fúnra mi ni n ó jókòó tì í. Ẹ mú owó wá, kì í ṣe àdúrà nìkan. Ẹ rà á, ẹ kà á fún àwọn ọmọ yín. Bí ẹ bá rí ohun tó burú níbẹ̀, ẹ wá bá mi. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ lọ bá arábìnrin wa, kí ẹ bi í pé ìgbà wo ni ìkejì ń bọ̀.