Oníbàárà Ló Ń Sọ Ọjà Lórúkọ

Ọ̀rọ̀ kan ti di àkọ́sórí lẹ́nu àwọn tó ń dá oníṣòwò lẹ́kọ̀ọ́ káàkiri Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta: packaging ni ohun gbogbo. Wọ́n á háyà gbọ̀ngàn, wọ́n á gbowó lọ́wọ́ ìyá tó ń ta gàrí, wọ́n á sì fi yé e pé àìní lógò ni kò jẹ́ kí ọjà rẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù. Ìyá á gba ìwé ẹ̀rí, á wá ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà lò kó bá òun ya idì aláwọ̀ wúrà, á sì tẹ "Premium" gàdàgbà sára ọ̀rá. Gàrí tó wà nínú ọ̀rá náà ńkọ́? Ẹnikẹ́ni ò bi í.

Ibi tí ẹ̀kọ́ yìí ti wọ́ rèé. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ọjà sì ni oníbàárà ń wò kó tó fún un lórúkọ. Ọlọ́jà lè kọ ohun tó bá wù ú sára páálí. Orúkọ tó máa mọ́ ọjà náà lára, ẹnu ẹni tó ń rà á ló ti ń jáde.

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń pín iná. Ọdún 1972 ni ìjọba dá NEPA sílẹ̀. Ní 2005, wọ́n sọ ọ́ di PHCN. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá ọdún 2013, wọ́n pín in fún àwọn aládàáni: Ìkẹjà gba tiẹ̀, Èkó gba tiẹ̀, Ìbàdàn gba tiẹ̀. Wọ́n kun ọkọ̀, wọ́n pààrọ̀ pátákó, wọ́n rán aṣọ iṣẹ́ tuntun. Síbẹ̀, ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn gbogbo ètò yìí, tí kò bá NEPA láyé rárá, "Up NEPA!" ló ń ké bí iná bá dé. Bí iná bá sì lọ, NEPA ló mú un lọ. Ohun tí àwọn èèyàn mọ̀ mọ́ orúkọ yẹn ni òkùnkùn, òkùnkùn náà ò sì pààrọ̀ aṣọ.

Ti tẹlifóònù tún wà níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó wọlé ní 2001 pẹ̀lú orúkọ Econet ti di Vmobile, ó ti di Celtel, ó ti di Zain, kó tó wá di Airtel ní 2010. Bí packaging bá jẹ́ ohun gbogbo lóòótọ́, ó yẹ kí àwọn oníbàárà ti fọ́n ká bí èkùrọ́ tó dà sílẹ̀. Wọn ò fọ́n ká. Nọ́ńbà 0802 tí ẹbí, ọ̀rẹ́ àti asingbèsè fi ń rí wọn ni wọ́n dì mú. Ọdún 2013 kẹ̀ ni ètò tó fàyè gbà wọ́n láti gbé nọ́ńbà wọn lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọ̀gá ń náwó lórí àwọ̀ tuntun, ohun tí oníbàárà rà ò kúrò níbi tó wà.

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà ni ti Omo. Ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun yòówù kí ìyá lọ rà, Omo ló ń béèrè, bí wọ́n bá sì nawọ́ òmíràn sí i, kò ní bá wọn jà. Bẹ́ẹ̀ náà ni Indomie àti Maggi. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, Unilever, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe Omo, kéde pé àwọn ń jáwọ́ nínú Omo, Sunlight àti Lux ní Nàìjíríà. Ilé-iṣẹ́ jáwọ́, orúkọ ò jáwọ́ lẹ́nu ọlọ́jà. Ọ̀rá kọ́ ló fa ìyẹn. Ohun tó fà á ni pé èyí tí wọ́n rà ní Ṣakí àti èyí tí wọ́n rà ní Àgbádárìgì máa ń hó bákan náà nígbà náà, lọ́dọọdún.

Ìpìlẹ̀ branding ò jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìlérí kan, òṣùwọ̀n kan, adùn kan, láìyẹ̀. Iṣẹ́ lógò ni kí ojú lè tètè dá ohun tí ẹnu ti gbà mọ̀. Ibi tí ẹnu ò bá tíì gba nǹkan kan, kí ni ojú fẹ́ dá mọ̀?

Ẹ wo obìnrin tó fẹ́ ra gàrí Ìjẹ̀bú. Kò ka àkọlé kankan. Ó bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ìka tú u wò bóyá ó gbẹ, ó jù ú sẹ́nu, ó rún un, ó dúró kí kíkan rẹ̀ dé. Lẹ́yìn náà ló yí kóńgò dojú dé: ṣé wọn ò ti ìdí rẹ̀ wọnú? Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, ó sanwó, ó gba èènì, ọ̀dọ̀ ẹni yẹn kan náà ló sì máa padà sí. Kò síbi tí lógò ti wọ̀ ọ́.

Bákan náà ni ìrẹsì Ọ̀fadà, tó gba orúkọ lára ìlú kékeré kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé. Òórùn rẹ̀ àti hóró rẹ̀ tó kúrú, tó ki, làwọn èèyàn fi mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá po ìrẹsì mìíràn mọ́ ọn, tó wá dì í sínú ọ̀rá aláwọ̀ wúrà, olè ni: orúkọ tí àwọn àgbẹ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ ló ń tà ní kóńgò kóńgò. Èyí tí òkúta sì kún inú rẹ̀, ì báà jẹ́ páálí Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n fi dì í, eyín ni yóò jẹ́rìí.

Àwọn olùkọ́ packaging á ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ta ló ní kí ọlọ́jà dákẹ́? Kí rédíò tó dé ni Yorùbá ti ń polówó ẹ̀kọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá polówó ẹ̀kọ gbígbóná, tó wá gbé tútù lé èèyàn lọ́wọ́, kò ní lè gba àdúgbò yẹn kọjá lọ́la. Wọ́n á ní NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, ń béèrè àkọlé. Òfin nìyẹn, kí a lè mọ ẹni tó ṣe oúnjẹ àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́. Wọ́n á ní kí èèyàn forúkọ ọjà sílẹ̀ ní Àbújá. Ó dára bẹ́ẹ̀: ọdún méje àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ọdún mẹ́rìnlá mẹ́rìnlá. Ìwé yẹn lè dènà olè. Kò lè sọ gàrí tútù di gbígbẹ.

Àfi bí ẹni pé ìjọba náà lọ sí gbọ̀ngàn àwọn olùkọ́ packaging yìí. Ní 2009, Dora Akunyili, mínísítà ètò ìròyìn nígbà náà, ṣe ìfilọ́lẹ̀ ètò ìtún-orúkọ Nàìjíríà ṣe, pẹ̀lú àkọlé pé èèyàn rere ni wá, orílẹ̀-èdè ńlá sì ni tiwa. Ta ló ṣì ń rántí àkọlé yẹn? Bẹ́ẹ̀, obìnrin kan náà ti ní orúkọ ńlá tẹ́lẹ̀ ní NAFDAC, tí kì í ṣe lógò ló fún un. Ó gbógun ti ayédèrú oògùn, àwọn èèyàn rí i, wọ́n sì fún un lórúkọ.

Èyí tó tún wá burú jù ni Band A, orúkọ tí wọ́n fún ìpele àwọn oníbàárà tí wọ́n ṣèlérí iná fún jù lọ. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà níbẹ̀ láti nǹkan bíi náírà 68 sí 225 lórí yúníìtì kan, pẹ̀lú ìlérí iná ogún wákàtí lóòjọ́. Band A, bí ẹni pé iná jókòó ṣe ìdánwò! Ẹni tó wà ní A ń wo aago, ẹni tó wà ní ìsàlẹ̀ ń wo Ọlọ́run. Àdúgbò á dáwó ra tiransifọ́mà, á dáwó ra òpó àti wáyà, ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e kọ́ tán, ó di ti ilé-iṣẹ́ apínná. Níbo ni oníbàárà ti ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù fún ọlọ́jà, tí yóò tún wá ra ọjà ibẹ̀ lówó gegere? Kí wọ́n pe òkùnkùn ní A, kí wọ́n pè é ní Z, àwọn ọmọ àdúgbò ti mọ orúkọ rẹ̀.

Kí ìyá tó ń ta gàrí má fara wé wọn. Kó fi owó idì aláwọ̀ wúrà ra asẹ́ tó dára. Kó jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ kan dáadáa kó tó yan án, kó yan án kó gbẹ, kí ìdí kóńgò rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ti òní bá rí bíi ti àná fún ìgbà pípẹ́, àwọn oníbàárà á fún un lórúkọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìgbà yẹn gan-an ni kó tó ránṣẹ́ pe ayàwòrán.