Jíìpù Nìkan Kọ́ Ni Yóò Gbà Wá Lọ́wọ́ Yìnyín

Bí òtútù bá ti ń sún mọ́lé ní ìlú Chicago tí àwa ń gbé, ọ̀rọ̀ kan náà ni ẹ ó máa gbọ́ lẹ́nu àwọn bàbá wa, ìbáà ṣe níbi ìkómọjáde, ìbáà ṣe lẹ́yìn ìsìn: "Ẹ lọ ra jíìpù fọ́ọ̀-wíìlì kékeré kan, kó ṣáà ti jẹ́ àlòkù tó mọ́, ọkàn yín á sì balẹ̀." Mo bọ̀wọ̀ fún àgbà, ṣùgbọ́n ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ìmọ̀ràn yìí kò pé, ó sì léwu. Èrò tèmi ni pé kí òbí tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ òtútù kọ́kọ́ ya owó táyà àti owó mẹ́káníìkì sọ́tọ̀, kó tó máa wá fọ́ọ̀-wíìlì kiri.

Ọ̀rọ̀ náà kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Ìyá mi ń tọ́jú àwọn arúgbó lóru. Aago márùn-ún ìdájí ni wọ́n máa ń wakọ̀ bọ̀ wálé, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì kó òjò dídì kúrò ní àdúgbò wa. 8,000 dọ́là ni àjọ tí wọ́n kó. Bí a bá náwó yìí sórí ọkọ̀ tí kò dára, ohun tí a lè pàdánù ju owó lọ.

Kí ni iṣẹ́ fọ́ọ̀-wíìlì gan-an? Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, ẹsẹ̀ méjì iwájú nìkan ni ẹ́ńjìnnì ń yí. Nínú fọ́ọ̀-wíìlì, ó lè yí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìdí nìyí tó fi ń jáde nínú òjò dídì tó jìn, tó sì ń gun òkè tí ọkọ̀ mìíràn ti ń yọ̀. N kò jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n àtigbéra nìyẹn, àtidúró ńkọ́? Gbogbo ọkọ̀, títí kan èyí tó kéré jù lọ, ló ní bíréèkì lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì lórí yìnyín, táyà ni yóò di ilẹ̀ mú, kì í ṣe orúkọ jíìpù. Ọkọ̀ tó gbéra wẹ́rẹ́ tilẹ̀ lè tan awakọ̀ pé ọ̀nà dára, títí iná pupa yóò fi tàn níwájú rẹ̀.

Bí ojú ọjọ́ bá ti lọ sílẹ̀ tó 7°C, rọ́bà táyà ìgbà ooru á bẹ̀rẹ̀ sí le. Rọ́bà táyà òtútù ṣì máa ń rọ̀, kó lè di ọ̀nà mú. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí àwòrán òkè onígóńgó mẹ́ta tí àmì òjò dídì wà nínú rẹ̀. Ní Quebec, ní Kánádà, òfin ní kí gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ wọ táyà òtútù láti December 1 títí di March 15. Òfin náà kò pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni ra fọ́ọ̀-wíìlì. Àwọn tó mọ òtútù ju tiwa lọ ló ṣe é.

Àwọn kan á ní táyà mẹ́rin wọ́n jù. Òótọ́ ni pé kò pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń lo ti òtútù, ti ooru ń sinmi nílé, kò sì ní tètè jẹ. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tó ra fọ́ọ̀-wíìlì kò bọ́ lọ́wọ́ owó táyà. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ bára dọ́gba. Bí ọ̀kan bá jẹ́ tuntun tí mẹ́ta ti jẹ tán, ó lè ba ohun tó ń pín agbára fún àwọn ẹsẹ̀ ọkọ̀ jẹ́.

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ tún wà níbẹ̀. Iyọ̀ ni ìjọba ń dà sójú títì kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ yìí kan náà ló ń jẹ irin. Jíìpù tó ti lo ọdún mẹ́wàá ní Illinois, Michigan tàbí Ohio lè máa dán lókè bí ìyàwó ojú ọ̀nà, kí páìpù tó ń gbé epo bíréèkì ti dípẹtà lábẹ́. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Ọkùnrin kan tó fẹ́ ta ọkọ̀ fún wa ti kun gbogbo abẹ́ rẹ̀ ní ọ̀dà dúdú. Nígbà tí bàbá mi ní kí mẹ́káníìkì gbé e sókè kó yẹ̀ ẹ́ wò, ó kọ̀ jálẹ̀. A bá tiwa lọ.

Kí ẹ má sì fi orúkọ ra ọkọ̀. RAV4 àti CR-V tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà kì í ṣe fọ́ọ̀-wíìlì tán. Ẹsẹ̀ iwájú nìkan ni ẹ́ńjìnnì ń yí nínú àwọn kan. Ẹ béèrè. Ẹ wo nọ́ńbà alámì 17 tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, ẹ fi tọpa ibi tí wọ́n ti lo ọkọ̀ náà.

Ẹ̀yin òbí, bí owó bá tó fọ́ọ̀-wíìlì tí abẹ́ rẹ̀ mọ́ pẹ̀lú táyà òtútù mẹ́rin, ẹ rà á, mo fara mọ́ ọn. Bí kò bá tó, ọkọ̀ kékeré lásán tó ní bíréèkì gidi àti táyà òtútù mẹ́rin ni kí ẹ rà fún ìyá mi. Kò sí ẹni tí yóò kí wa kú oríire jíìpù níbi ìkómọjáde, ṣùgbọ́n wọn á lè dúró nígbà tí iná pupa bá tàn.