Béèlì kì í ṣe ìdáláre

Sí Olóòtú,

Béèlì ni ìtúsílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ tí ọlọ́pàá tàbí ilé ẹjọ́ ń fún afurasí, lórí àdéhùn pé yóò padà wá jẹ́jọ́. Kì í ṣe ìdáláre bí àpilẹ̀kọ kan nínú ìwé ìròyìn yìí ṣe pè é. Ẹjọ́ ṣì wà nílẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń fúnni ní béèlì wà nínú abala 36 òfin ìpilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999: aláìmọwọ́mẹsẹ̀ ni afurasí títí ilé ẹjọ́ yóò fi dá a lẹ́bi.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà lo ọ̀rọ̀ náà. Àkọ́kọ́ ni ìtúsílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìkejì ni iye owó tí ilé ẹjọ́ kọ sínú àdéhùn. Owó yìí kì í ṣe owó ìtanràn. Bí afurasí bá sá lọ ni ìjọba lè gbà á. Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ọ̀fẹ́ ni béèlì. Ìkẹta ni iṣẹ́ onídùúró, bí wọ́n ṣe ń sọ pé, "Ó lọ béèlì ọmọ rẹ̀." Òfin ìdájọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 2015, kò gbà kí wọ́n kọ onídùúró nítorí pé ó jẹ́ obìnrin.

Bí ìjìyà ẹ̀sùn bá jẹ́ ikú, adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga nìkan ló lè fúnni ní béèlì lábẹ́ òfin yìí, ìyẹn náà sì gbọ́dọ̀ ní ìdí pàtàkì.