Ibo Lomi Ń Gbà Lọ? Ọ̀rọ̀ fún Ẹni Tó Fẹ́ Ra Ilé Olórùlé Pẹrẹsẹ

Òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́. Ẹni eji bá rí leji ń pa. Òwe yìí kò yọ ilé sílẹ̀. Bí ẹ bá rìn lágbègbè Lẹ́kkí àti Àjá ní Èkó, tàbí láwọn àdúgbò tuntun ní Ìbàdàn, ẹ ó rí ọ̀pọ̀ ilé tí òrùlé wọn tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ògiri kúkúrú yí i ká, tí ẹni tó dúró nílẹ̀ kò lè rí páànù kankan. Wọ́n dára ní wíwò, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń kówó jọ láti ra ilé àkọ́kọ́ ló sì ń fẹ́ irú wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá lọ wo ilé, wọ́n á yẹ ilé ìdáná wò, wọ́n á yẹ balùwẹ̀ wò, wọ́n á kó ìwé ilẹ̀ fún agbẹjọ́rò, wọn kò sì ní gun òkè. Òkè náà ni mo fẹ́ kí a jọ gùn lọ́sẹ̀ yìí.

Koríko bẹẹrẹ tí àwọn baba wa fi ń bo ilé máa ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀, kí òjò má baà ráyè jókòó lórí rẹ̀, kí ó di ọ̀sọ̀ọ̀rọ̀ ní kíá. Wọ́n sì mọ̀ pé kò sí òrùlé tí kì í gba àtúnṣe. Ní Ọ̀yọ́, ọdún Bẹẹrẹ so mọ́ koríko tí wọ́n fi ń tún òrùlé ààfin bò. Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀: omi gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà, òrùlé sì gbọ́dọ̀ ní olùtọ́jú. Ohun méjì yìí náà ni kí a wá lórí òrùlé pẹrẹsẹ.

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Èkíní ni dẹ́kìn, ìyẹn kọnkéré tí a dà lé irin. Èkejì ni páànù tí a fi pamọ́ sẹ́yìn ògiri kúkúrú, tí gọ́tà wà láàárín òun àti ògiri náà. Èkejì yìí ló rọrùn jù láti fi tan olùrà, nítorí bí gọ́tà inú rẹ̀ bá dí, inú ilé ni omi yóò gbà.

Ohun àkọ́kọ́ tí a ó wò ni ọ̀nà omi. Òrùlé pẹrẹsẹ tó dára kì í tẹ́ tán. Ó yẹ kí ó máa rẹlẹ̀ lọ síbi tí páìpù omi wà, kí ìrẹ̀sílẹ̀ náà lé díẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1 lórí mítà kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán. Bí òjò bá dá, tí wákàtí 48 kọjá, tí omi ṣì dúró, ìṣòro wà níbẹ̀. Lórí òrùlé tó gùn ní mítà 10, tó sì fẹ̀ ní mítà 10, omi tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 5 péré wúwo tó tọ́ọ̀nù 5. Ní Èkó, níbi tí òjò ọdún kan ti sábà máa ń ju mìlímítà 1,500 lọ, ẹrù ńlá nìyẹn. Bó bá jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lẹ lọ, ẹ wá ojú ẹrẹ̀ tó gbẹ ní róbótó àti àbàwọ́n dúdú: ibẹ̀ ni omi ti ń sùn. Ẹ ka ihò tí omi ń gbà jáde. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, ewé tàbí ọ̀rá kan ṣoṣo tó láti dí i.

Ohun kejì ni awọ òrùlé náà. Kọnkéré nìkan kò tó láti dá omi dúró. Oòrùn ń mú un wú lọ́sàn-án, òtútù ń mú un sún kì lóru, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa sán díẹ̀díẹ̀. Bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè wọ ibẹ̀. Bí kọnkéré bá lanu, omi ni yóò wọlé, yóò sì dé ọ̀dọ̀ irin. Irin tó bá dípẹtà máa ń wú, yóò sì máa ti kọnkéré kúrò lára. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń tẹ́ awọ bítúmẹ̀nì sórí dẹ́kìn. Ẹ wò ó bóyá ó wú bí ìléròrò, bóyá etí rẹ̀ ń ṣí, àti bóyá wọ́n fà á gun ara ògiri kúkúrú náà tó sẹ̀ǹtímítà 15.

Lẹ́yìn náà, ẹ sọ̀kalẹ̀ sí yàrá òkè pátápátá, kí ẹ gbójú sókè. Àbàwọ́n tó pọ́n bí omi tíì, ohun funfun bí ẹfun lábẹ́ dẹ́kìn, ọ̀dà tuntun níbì kan ṣoṣo, òórùn èbu nínú kọ́bọ́ọ̀dù: ẹlẹ́rìí ni gbogbo wọn. Awọ tó ti gbó ṣeé tún tẹ́. Irin tó ti jẹrà nínú dẹ́kìn jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Mo mọ tọkọtaya kan tí wọ́n rí irú ilé yìí ní oṣù Èrèlè. Owó ilé tí wọ́n ń gbé yóò parí ní oṣù Igbe, ajẹ́ńtì sì ń wí pé ẹlòmíràn ti ń kówó bọ̀. Ọkọ fẹ́ sanwó. Ìyàwó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí òjò kan rọ̀ sí i ná." Wọ́n dúró. Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn òjò ńlá àkọ́kọ́, a gun òkè pẹ̀lú ẹnjiníà kan. Omi ṣì mù wá dé ọrùn ẹsẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tánkì. Nígbà tí ẹnjiníà fi òòlù kan abẹ́ dẹ́kìn, ó dún bí igbá òfìfo. Onílé kọ̀ láti dín owó kù, ẹlòmíràn sì ra ilé náà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ṣì ń sanwó ilé títí di òní, owó ilé sì ti gbéra sókè. Ọkọ ṣì ń kábàámọ̀. Ní tèmi, ẹ̀yìn ìyàwó ni mo wà: bí wọ́n bá san owó náà tán, kò ní ṣẹ́ ku ohun tí wọn yóò fi tún òrùlé ṣe.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ bi onílé nípa ìgbà tí wọ́n tún òrùlé ṣe kẹ́yìn, kí ẹ sì béèrè rìsíìtì. Ẹ da korobá omi mẹ́rin sórí rẹ̀, kí ẹ wo ibi tó ń ṣàn lọ. Ẹ mú ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN dání. Owó rẹ̀ kéré sí owó dẹ́kìn tuntun. Bó bá jẹ́ fúláàtì nínú ilé ọlọ́pọ̀ ìdílé, ẹ béèrè ẹni tó ni òrùlé àti ẹni tí yóò máa tún un ṣe, kí agbẹjọ́rò sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ má gun òkè, ẹ̀yin náà ẹ má sanwó. Kí ilé tí a fi òógùn ojú wa rà má di ibi tí a ó ti máa gbé báàfù lé orí ibùsùn nígbà òjò.