Ilé Ogún: Ẹ Tà Á Bí Ó Ṣe Wà, Ṣùgbọ́n Ẹ Sọ Bí Ó Ṣe Wà

Ọ̀rọ̀ ilé ogún ni mo mú wá lónìí. Irú rẹ̀ kì í pẹ́ dé ọ̀dọ̀ àwa àlùfáà: bàbá kú, ilé kù, àwọn ọmọ kò ní owó àtúnṣe, wọ́n sì fẹ́ tà á. Wọn a ní, "Àlùfáà, a ó tà á bí ó ṣe wà, ẹni tí ó bá rà á ni yóò tún un ṣe." Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bi mí bí irú ọjà bẹ́ẹ̀ bá tọ́ ní ojú ẹ̀sìn. Ìdáhùn mi ni pé ó tọ́, bí ẹni tí ń tà bá sọ ohun tí ó mọ̀ nípa ilé náà. Ìlàjì kejì ìdáhùn yìí ni ọ̀pọ̀ wa kò fẹ́ gbọ́, òun gan-an ni mo sì fẹ́ sọ.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ọmọ ìyá kan náà méjì wá bá mi ní ilé mi ní Ìbàdàn. Oníṣòwò aṣọ ni ẹ̀gbọ́n. Bàbá wọn kú, kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Ó fi ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan sílẹ̀ létí títì, ó fi ìyàwó méjì sílẹ̀, ó sì fi ọmọ mẹ́rin sílẹ̀: àwọn méjì yìí tí ìyáálé bí, àti ọkùnrin kan pẹ̀lú obìnrin kan tí ìyàwó kékeré bí. Òrùlé ilé náà ń jò, ògiri ẹ̀yìn sì ti sán. Wọ́n ti rí ẹni tí yóò rà á bẹ́ẹ̀. Owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń kánjú. Àdúrà ni wọ́n ní kí n bá wọn ṣe sí i.

Mo ní kí wọ́n mú mi lọ wo ilé náà ná. Nígbà tí a dé ibẹ̀, mo bá akunlé lórí àkàbà, ó ń kun iwájú ilé. Mo ní, "Ẹ ní bí ó ṣe wà ni ẹ ó tà á. Kí ni ẹ wá ń kùn ún fún?" Ẹ̀gbọ́n kò fọhùn. Àbúrò ni ó jẹ́wọ́ fún mi. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti fi ọ̀dà pupa kọ àmì X sí ògiri náà, nítorí pé wọ́n fẹ́ fẹ títì lójú. Àmì náà ni ọ̀dà funfun yìí ń bò.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ibi tí ọ̀ràn wà nìyẹn. Òrùlé tí ń jò, olùrà yóò gbójú sókè, yóò rí i. Ògiri tí ó sán, yóò fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n àmì tí a fi ọ̀dà bò, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé ó wà níbẹ̀? Ilé tí wọ́n ní àwọn ń tà bí ó ṣe wà, wọ́n ti yí i padà kúrò ní bí ó ṣe wà.

Ìlànà Ìmáámù Máálíkì ni àwa Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀lé. Nínú ìwé rẹ̀ tí a ń pè ní Al-Muwatta, ìtàn kan wà níbẹ̀ tí ó bá ọ̀rọ̀ wa mu. Abdullah ọmọ Umar, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì, ta ẹrú kan ní 800 dírámù, pẹ̀lú àdéhùn pé òun kò ní dáhùn fún àlèébù kankan. Ẹni tí ó rà á padà wá, ó ní àìsàn wà lára ẹrú náà tí wọn kò sọ fún òun. Wọ́n gbé ẹjọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ Uthman ọmọ Affan. Uthman ní kí Abdullah búra pé nígbà tí òun ń ta ẹrú náà, òun kò mọ̀ pé àìsàn wà lára rẹ̀. Abdullah kọ̀, kò búra, ó sì gba ẹrú náà padà. Nígbà tí ara ẹrú náà yá lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún un tà ní 1,500 dírámù.

Òwò ẹrú ti kúrò nílẹ̀, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú ìdájọ́ náà kò kúrò. Nínú ìwé yìí kan náà, Máálíkì dárúkọ àwọn àjogún tí ń ta ẹrú tàbí ẹran pẹ̀lú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Àlèébù tí wọn kò mọ̀ kò sí lọ́rùn wọn. Èyí tí wọ́n mọ̀ tí wọ́n sì fi pamọ́, àdéhùn kò lè gbà wọ́n lórí rẹ̀. Ọjà yóò padà sí ọwọ́ wọn. Àwọn kan nínú àwọn onímọ̀ tí ó tẹ̀lé e kò tilẹ̀ gbà kí irú àdéhùn báyìí kọjá orí ẹrú. Bí ọ̀rọ̀ bá le tó báyìí lórí ohun tí ó lè ṣàìsàn lónìí kí ara rẹ̀ yá lọ́la, mélòó-mélòó ni ilé tí ènìyàn fi owó gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ rà?

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ọkà àti gàrí mọ ìtàn kejì. Ànábì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, ti ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà, ó sì bá omi nísàlẹ̀. Oní-nǹkan ní òjò ni ó pa á. Ànábì bi í léèrè ìdí tí kò fi kó èyí tí ó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì sọ pé ẹni tí ń rẹ́ni jẹ kì í ṣe ara òun. Ẹ kíyè sí i pé Ànábì kò ní kí ọkùnrin náà kó oúnjẹ rẹ̀ kúrò lọ́jà. Ohun tí ó béèrè ni pé kí ojú rí i.

Mo tún bi àwọn ọmọ náà léèrè ọ̀rọ̀ kejì: àwọn wo ni ó ń ta ilé? Wọ́n ní àwọn méjèèjì ni. Ọmọ ìyàwó kékeré tí ó jẹ́ ọkùnrin wà ní Kánò, wọn kò tíì sọ fún un. Èyí obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún 11. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n ni Dáwódù, òun ni ó dúró fún gbogbo wọn. Ìwé kóòtù kò sì tíì jáde. Ní gbogbo àkókò yìí, ìyàwó kékeré ń bẹ nínú yàrá rẹ̀, ó ń ṣe opó lọ́wọ́. Ó ń gbọ́ ìró búrọ́ọ̀ṣì lára ògiri, ó sì rò pé ilé ọkọ òun ni wọ́n ń tún ṣe.

Mo sọ fún wọn pé òrùlé kọ́ ni àlèébù tí ó tóbi jù nínú ilé yìí, kì í sì í ṣe àmì X. Àlèébù tí ó tóbi jù ni àjogún tí a kò bi. Ènìyàn lè pààrọ̀ páànù. Kò lè pààrọ̀ ẹni tí Ọlọ́run fún ní ìpín. Alùkùránì Alápọ̀n-ọ́nlé, ní Súrátù Nisáì, áyà 11 àti 12, ti to ètò náà: gbèsè olóògbé àti ohun tí ó sọ tẹ́lẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ni a ó pín ìyókù. Áyà 10 nínú súrà yìí kan náà sọ pé iná ni ẹni tí ń jẹ owó ọmọ òrukàn ń jẹ sínú. Opó pẹ̀lú ní oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí yóò lò nínú ilé ọkọ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta ilé náà kí ó sì lé e síta kí ọjọ́ yẹn tó pé.

Òfin ìjọba kò jìnnà sí èyí. Ẹni tí bàbá rẹ̀ kò kọ ìwé ìhágún sílẹ̀ yóò lọ gba ìwé àṣẹ láti bójú tó ohun ìní olóògbé ní kóòtù gíga. Òun ni àwọn lọ́yà ń pè ní Lẹ́tà Ádímínísítréṣọ̀n. Ẹ̀yin ará, ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé náà, olùtọ́jú ni, òun nìkan kọ́ ni ó ni ín. Bí ó bá sì jẹ́ ilé ẹbí, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù ní ilẹ̀ wa nígbà náà ti sọ ọ́ ní 1959, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, pé bí àwọn àgbà ẹbí bá tà á láìsí olórí ẹbí, ọjà náà kò fìdí múlẹ̀ rárá. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìbi wọ́n, wọ́n lè mú kí kóòtù fagi lé e. Nítorí náà, ẹni tí ó ra ilé lọ́wọ́ ọmọ méjì nínú mẹ́rin, ẹjọ́ ni ó rà.

Ó tún yẹ kí wọ́n fẹnu kò lórí bí wọn yóò ṣe pín owó náà kí wọ́n tó gbà á. Àṣà wa ní ìdí-igi àti orí-ò-jorí. Ẹjọ́ Danmọlé àti Dáwódù tí ó ti Èkó bẹ̀rẹ̀ lọ dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1962 fi hàn bí ìjà lórí méjèèjì ṣe lè gùn tó. Ọ̀nà ti Alùkùránì ní ìṣirò tirẹ̀. Ká ní wọ́n ta ilé náà ní mílíọ̀nù 26 náírà, tí gbèsè bàbá sì gba mílíọ̀nù 2. Mílíọ̀nù 24 ni ó kù. Bí àwọn òbí olóògbé kò bá sí láyé mọ́, àwọn ìyàwó méjèèjì yóò gba ìdá kan nínú mẹ́jọ, èyí tí ó jẹ́ mílíọ̀nù 3, ìdajì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin mẹ́ta yóò gba mílíọ̀nù 6-6, obìnrin yóò gba mílíọ̀nù 3. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti ná owó tirẹ̀ sí àtúnṣe kí wọ́n tó tà á, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí, kí wọ́n san án padà, kí ó má ṣe fi ìyẹn gba ìpín lé ìpín.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: bí a bá ka gbogbo èyí fún olùrà, owó yóò wálẹ̀. Òótọ́ ni. Òtítọ́ dé ọjà, ó kù tà. Owó lọ́wọ́ ni a fi ń ra èké. Nígbà tí àwọn ọmọ náà sọ ọ̀rọ̀ àmì X, olùrà tí ń kánjú kò padà wá mọ́. Wọ́n ránṣẹ́ sí Kánò, wọ́n dúró de ìwé kóòtù, àwọn opó sì parí ọjọ́ wọn. Ẹlòmíràn ni ó wá ra ilé náà lẹ́yìn náà, bí ó ṣe wà, òrùlé tí ń jò àti ògiri tí ó sán, pẹ̀lú àmì X tí ó ti fojú ara rẹ̀ rí. Owó rẹ̀ kò tó ti ẹni àkọ́kọ́. Ẹ̀gbọ́n bínú sí mi, ó pẹ́ kí ó tó tún kí mi. N kò lè sọ fún un pé òtítọ́ mú owó wá, nítorí kò mú un wá. Ohun tí mo lè sọ ni pé kò sí ẹni tí ó lè pè é lẹ́jọ́ lórí ilé náà, àbúrò rẹ̀ obìnrin sì mọ iye tí ó jẹ́ tirẹ̀.

Ẹ̀yin olùrà náà, ọwọ́ yín kò mọ́ tán. Ẹ máa ń mọ̀ pé ọ̀fọ̀ ṣẹ ẹni tí ń tà, pé gbèsè ń lé e, ẹ ó sì fi ìkánjú owó tì í. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè ìwé kóòtù, ẹ ka orúkọ inú rẹ̀. Ẹ wọlé kí àwọn opó. Ẹ bi àwọn ayálégbé bí wọ́n bá ti san owó ọdún mélòó sílẹ̀ fún olóògbé. Ẹ bi aládùúgbò bí omi ṣe ń ṣe lásìkò òjò. Ẹ má sì gbàgbé pé láti ìgbà Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978, ọwọ́ Gómìnà wà nínú pípààrọ̀ ẹ̀tọ́ orí ilẹ̀; ẹ jẹ́ kí lọ́yà yín bá yín wá ìyọ̀ǹda rẹ̀.

Ẹ̀yin àjogún, ẹ pe gbogbo ara yín jọ, ẹ san gbèsè bàbá, ẹ gba ìwé, ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ mọ̀ nípa ilé náà sínú ìwé ọjà, kí olùrà fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ tà á bí ó ṣe wà, kí ọkàn yín balẹ̀. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ogún di ogun láàrin àwọn ọmọ wa. Àmín.